Níbo Ni Wọ́n Á Ti Wẹ Ẹsẹ̀ Wúrà?

Èmi ni mo gba nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà. Kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, èmi náà ni ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Morónkẹ́ ni orúkọ mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dagenham, nílùú Òyìnbó. Mo ti sin ọkọ, mo ti tọ́ ọmọ, mi ò sì ní sùúrù fún ẹni tó ń rí ohun tó dára tó ń wojú sánmọ̀.

Oṣù Èbìbí ni, ọdún tó kọjá. Wúrà, àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ló ń wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà láti Barking lọ sí Riverside, èmi sì jókòó síwájú bí ìyá awakọ̀. Bí a ṣe dé kọ́nà kan, kámpà funfun ńlá kan dábùú ọ̀nà. Kámpà ni mọ́tò tí wọ́n kọ́ yàrá sínú rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó ń wà á lọ síwájú díẹ̀, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Wúrà fa bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀.

“Ọ̀gá, what is all this now?”

“Ẹ má bínú, ma. Èmi ni mo kọ́ ọ. Wíwà á sẹ́yìn ni mi ò tíì mọ̀ dáadáa.”

“O kọ́ odindi ilé sínú mọ́tò, o ò lè wà á sẹ́yìn? Bọ́ sílẹ̀.”

Ó bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ fà mọ́ ọn. Mo ti rí ọkùnrin tí yóò kúkú wó ògiri ju kí obìnrin gba ìdarí mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Wúrà wo díńgí ọ̀tún, ó wo ti òsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ìdí kámpà náà wọ inú yáàdì tí ọkùnrin náà fẹ́ wọ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà dúró sí ẹ̀bá títì, ó la ẹnu sílẹ̀. Wúrà padà sínú bọ́ọ̀sì láìwẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ni mo bá yọ orí lójú fèrèsé.

“Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?”

“Dámiláre, ma.”

“Ọmọ ibo?”

“Abẹ́òkúta, ma.”

“O níyàwó?”

“Aunty!” Wúrà lọgun.

“Rárá, ma.”

“Pe nọ́ńbà ẹ fún mi. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé sínú mọ́tò.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí kan tó máa ń ṣófo, Wúrà á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò gígùn rìn sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan á di wákàtí mẹ́rin. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, Wúrà tó máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ sí ibi gbogbo ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọ̀ osùn yẹ òun.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ẹnì kan sì ti já a kulẹ̀ rí nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó. “Aunty mi,” ó sọ fún mi nílé ìdáná mi, “ọkùnrin tó bá dáa báyìí, ó máa ń ní nǹkan tó fi pamọ́.”

Ohun tó fi pamọ́ kò pẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́. Kò ní ilé. Ó ti kó kúrò ní fúláàtì tó ń yá gbé láti ọdún méjì, inú kámpà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ń sùn, nínú yáàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀, onílẹ̀ sì mọ̀. Ó ní ibẹ̀ nìkan lòun ti ń sùn tí ọkàn òun ń balẹ̀.

“Ṣé ìyẹn burú?” Wúrà bi mí.

“Lójú tèmi, kò burú,” mo dá a lóhùn. “Lójú bàbá ẹ, ó ti bàjẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi Adéyanjú jẹ́ àpọ́sítélì nínú ìjọ Aládùúrà kékeré kan tó wà láàárín àwọn ilé ìtajà pákó. Ẹni tó bá rí i nínú sùtánà funfun, tó ń rìn láìwọ bàtà, á rò pé áńgẹ́lì ló sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó délé, kí ẹ wá rí agídí. Nígbà tí mo mú Dámiláre wá sí fúláàtì rẹ̀ ní ìtòsí Abbey ní Barking, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní kó dìde.

“Ilé ẹ dà?”

“Inú kámpà ni mò ń gbé, Daddy.”

Wúrà ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí tó burú ju ariwo lọ, “lọ́jọ́ tí ìyàwó bá délé ọkọ, àwọn obìnrin ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ìyá mi. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ìyá ọmọ yìí, kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì dúró níbẹ̀, mo rí i. Níbo ni wọ́n á ti wẹ ẹsẹ̀ Wúrà? Ní ẹ̀gbẹ́ táyà?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Àṣìṣe ńlá ni.

“Morónkẹ́, o ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ lo lọ ṣa aláìnílé wá fún mi láti ojú títì! Dávídì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé yàrá mẹ́ta ní Chadwell Heath, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń béèrè Wúrà lọ́wọ́ mi!”

“Daddy, Dávídì ò béèrè mi lọ́wọ́ èmi,” Wúrà sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ti ilẹ̀kùn kejì. Ó ní nílé wa a kì í fọmọ fọ́kọ láìgbàdúrà létí òkun, pé òun ti gbà á fún àwọn ẹ̀gbọ́n Wúrà méjèèjì létí òkun Èkó kí àwọn tó kó wá sí ìlú yìí. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti búra pé òun ò ní wọ bàálù mọ́, láti ọjọ́ tí etí rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ lókè. Àwọn ọmọ ìjọ sì ti gbé e lọ sí etí òkun Southend rí, ó tọ́ omi ibẹ̀ wò, ó tu ú dànù, ó ní omi odò ló pọ̀ nínú ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ọ̀rọ̀ náà tì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Dámiláre ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé orí sókè díẹ̀.

“Daddy, òkun tó wà l'Ékòó yẹn, ó ní etí tí mọ́tò lè dé. A máa gba ilẹ̀ Faransé, a gba Sípéènì, a sọ̀kalẹ̀ sí Pọ́túgà. Iṣẹ́ máa ń dín lọ́wọ́ mi ní oṣù Ọ̀wàrà. Mo máa gbé yín lọ, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi kà á sí ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n báwo ni àpọ́sítélì ṣe fẹ́ sọ pé òun ò fẹ́ lọ gbàdúrà? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi gbà. “A ó máa wò ó,” ló wí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, a gbéra. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí ọmọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, èmi àti Wúrà wà lókè orí awakọ̀, Dámiláre sì pàgọ́ kékeré síta nínú òtútù, nítorí ó ní kò yẹ kí òun sùn síbi tí bàbá ìyàwó òun ń sùn sí. Ojú mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀bá, làwọn àgbà wí. Níbo ni kí n yẹ̀bá sí nínú mọ́tò? Bí wọ́n bá fẹ́ wo ara wọn, àfi kí wọ́n wò ó lórí èjìká mi.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré inú kámpà, ó ń ronú.

“Níbo ni nǹkan inú ẹ̀ ń lọ?”

“Ike kan wà lábẹ́ ẹ̀, Daddy. Tó bá kún, mo máa ń lọ dà á nù.”

“Ìwọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí àna máa da ìgbẹ́ àna nù? Èèwọ̀! Ọmọ bíbí inú ẹni ló ń ṣe irú ìyẹn fún ni. Ìwọ, o kì í ṣe ọmọ mi. Bí mo bá jẹ́ kí o ṣe é, mo ti gbà nìyẹn.”

Ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti àgọ́ ìgbafẹ́ kan, ibi tí àwọn oníkámpà ń sùn mọ́jú, dé èkejì ni ó ń ṣírò ikùn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti fi táwẹ̀lì kọ́rùn, á máa sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, bí a bá sì wà lójú ọ̀nà, kì í fẹnu kan omi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ohun tí kò rò ni pé ìgbà ìwọ́wé ti dé, àwọn àlejò etí òkun sì ti lọ. Bí a ṣe ń lọ sí gúúsù, tí òkun ń hó lápá ọ̀tún wa lẹ́yìn igbó igi páìnì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgọ́ ìgbafẹ́ ń tì. Ṣéènì wà lẹ́nu géètì gbogbo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ẹ̀wà tí mo sè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Ó ku bí ibo?” ẹ̀gbọ́n mi béèrè láti ẹ̀yìn.

“Bí ogójì ìṣẹ́jú sí i, Daddy.”

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Nígbà tó ṣe, ó ké pé, “Ẹ dúró! Ẹ jáde! Gbogbo yín!”

Àwa mẹ́ta dúró lábẹ́ igi nínú òjò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi àti Wúrà di ara wa mú, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Dámiláre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò wá lórí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Aunty,” ó rọra wí, “ẹ má jẹ́ kí Daddy gbọ́ ẹ̀rín yín. Ojú á tì wọ́n.”

Wúrà yíjú sí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì wò ó bí n kò ṣe rí i kó wo ẹ̀dá kankan rí. Mo yí ojú mi sí igi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a rí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Dámiláre yọ ike náà láìsọ ohunkóhun, ó lọ dà á, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó fọ ọwọ́, ó po tíì. “Ẹ káàárọ̀, Daddy. Tíì yín rèé.” Ẹ̀gbọ́n mi gba ife náà, ó wò ó títí. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ti mú un, ó sì mọ̀, ṣùgbọ́n àgbà tó bá ní agídí kì í jẹ̀bi lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni.

Ní Sípéènì, èmi àti Wúrà jókòó sórí òkúta létí omi, afẹ́fẹ́ ń gbá gèlè mi.

“Aunty, tí Daddy bá gbàdúrà tán tí wọ́n ṣì sọ pé rárá, mi ò ní rú òfin wọn. Àwa méjì ti sọ ọ́. Dámi ní òun ò fẹ́ jí mi gbé, òun fẹ́ kí wọ́n fi mí fún òun.” Omi dà lójú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ Dávídì. Mi ò ní fẹ́ ẹnì kankan mọ́. Màá máa wa bọ́ọ̀sì mi títí wọ́n á fi ní kí n lọ sinmi.”

Mo gbé e mọ́ra. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló gbé mi dé ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì yẹn.

A wọ Pọ́túgà. A wà á títí a fi dé gúúsù ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti kọ Lagos gàdàgbà gadagba sára pátákó ojú ọ̀nà kan, nítorí ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a dúró. Ó ṣí fìlà, ó wo pátákó náà bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ níbi tí kò rò. “Ọdún mẹ́tàdínlógún,” ló wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọjọ́ méjì nìyẹn.

A dúró sí àgọ́ ìgbafẹ́ kan nítòsí Sagres, níbi tí ilẹ̀ ti parí. Kò sí nǹkan kan níwájú wa ju òkun lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn Dámiláre ti gan. Oorun orí ilẹ̀ líle nínú òtútù ló fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn àgọ́ rẹ̀, kò sì lè nàró mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé òun sílẹ̀, pé bẹ́ẹ̀dì Daddy ni.

Ilẹ̀ mọ́, ike ti kún. Wúrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á yọ.

“Gbé e sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Daddy?”

“Mo ní kí o gbé e sílẹ̀.”

Ó ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè dé ìgúnpá. Ó fa ike náà yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Láti ojú fèrèsé, Dámiláre rí i. Ó fẹ́ dìde, ìrora dá a padà.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má ṣe é! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!”

“Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́!” Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú ìrì, pẹ̀lú ike ìgbẹ́ lọ́wọ́. “Mo da ti àwọn ẹ̀gbọ́n Wúrà nù. Mo da ti Wúrà nù. Ọmọ mi nìkan ni mo ń ṣe irú ẹ̀ fún, mi ò ṣe é fún àlejò rí. Ṣé o gbọ́? Dùbúlẹ̀.”

Ó sì lọ. Ó gba àárín àwọn Òyìnbó tó ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ kọjá, ó ń kí wọn. Nínú kámpà, Dámiláre fi ìrọ̀rí bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé, Wúrà sì ti wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi? Mo lọ po tíì. Ẹnì kan ní láti ní ọpọlọ nínú ẹbí.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi wọ sùtánà. Ó rìn lórí iyanrìn tútù láìwọ bàtà, ó wọ inú omi dé orúnkún. Ó bu omi, ó tọ́ ọ wò. A dúró, a ń retí kó tu ú.

Ó gbé e mì. “Òun ni,” ló wí. “Òun náà ni.”

Èmi àti Wúrà ti Dámiláre lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí etí omi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé àwọn méjèèjì lórí, ó gbàdúrà títí omi òkun fi rẹ ẹsẹ̀ gbogbo wa. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ. Ó pe Dámiláre ní ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀méje ni mo kà. Nígbà tó parí, ó mú kẹ́ẹ̀gì tuntun kan jáde lábẹ́ sùtánà, ó bu omi òkun kún un, ó dé e pinpin. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí n má da òun láàmú.

Ìgbéyàwó di oṣù Igbe ọdún yìí. Àwọn ọmọ náà ti gba fúláàtì sí Barking Riverside nígbà náà, àjà kẹfà, a sì ti ń múra láti mú ìyàwó lọ sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Dámiláre wà lórí fóònù láti Abẹ́òkúta, ó ń dá ijó lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí gbogbo wa dúró nísàlẹ̀.

“Dámiláre, lọ gbé kámpà ẹ wá.”

“Daddy, fúláàtì ti wà—”

“Mo mọ̀ pé fúláàtì wà. Ta ló bèèrè fúláàtì? Ilé tí mo ti rí ìwà ẹ ni mo ń fi ọmọ mi sí. Gbé e wá.”

Kámpà dé, ó dúró níwájú àwọn ilé gíga náà, afẹ́fẹ́ odò Thames ń fẹ́. Dámiláre ṣí ilẹ̀kùn, ó na àtẹ̀gùn kékeré rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Abẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wà láti ìgbà yẹn.

“Morónkẹ́,” ó pè mí, “ìyá ọkọ wà l'Ábẹ́òkúta. Ìwọ lo mú ọmọ yìí wá, bọ́ sí apá ọkọ kí o wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó yín.” Ó sì gbójú sílẹ̀. “Mo bú ọ lórí ẹ̀. Má bínú sí mi.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi máa bẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ síbi àtẹ̀gùn, ní ẹ̀gbẹ́ táyà gan-an. Wúrà bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè, mo da omi òkun sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, mo dà á sí ti òsì. Ó tutù, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ó wá gbé ẹsẹ̀ tútù méjèèjì wọlé ọkọ rẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ, àwọn ará àjà òkè ń yọjú láti bálíkónì, wọ́n ń bá wa pàtẹ́wọ́ láìmọ ìdí ẹ̀.

Wọ́n fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan létí òkun. Ọ̀nà tí kámpà gbà wọlé há, kò sí ibi yíyí, ẹ̀yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà jáde. Dámiláre jókòó sídìí ìdarí, Wúrà jókòó tì í, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Dámiláre wo díńgí ọ̀tún, ó wo ti òsì.

“Aunty mi!” Wúrà ké láti ojú fèrèsé. “Ẹ wà lójú ọ̀nà!”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo dúró sẹ́yìn wọn gangan, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ mi. Mo yẹ̀bá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi wà á jáde.